Ìka Tí Kò Ní Ìlà

Houinmè, Àjàṣẹ́

Àkànní, ọkọ mi,

Èmi ìyá rẹ àgbà ni mò ń sọ̀rọ̀. Bàbá Dáníẹ́lì, katekísì tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Abẹ́ igi òroǹbó tó wà lẹ́yìn ilé la jókòó sí. Ìkòkò aró mi wà lọ́tùn-ún, tábìlì rẹ̀ wà lósì. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi ọ̀rọ̀ ìwàásù bo ọ̀rọ̀ mi mọ́lẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́. A ó máa wò ó.

Ara mi le. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, ṣùgbọ́n ó ti ń dùn mí kí wọ́n tó bí ọ. Ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan kú. Ìyẹn tó fún ìkíni.

Mi ò kọ lẹ́tà sí ọ rí. Nígbà tí o wọ ilé ìwé, ẹnu ni mo fi sọ ohun tí mo ní í sọ, nígbà tí o ṣe àṣìṣe, ọwọ́ ni mo fi sọ ọ́. Ìyá rẹ, ọmọ mi, kú nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Nítorí náà ohun tí ìyá ń sọ fún ọmọ tó bá gba iṣẹ́ tuntun, èmi ló kàn láti sọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni màá sọ ọ́. Jókòó dáadáa kí o tó máa kà á lọ.

Lẹ́tà rẹ dé bá mi ní ọjọ́ ọjà Adjarra, fọ́tò sì wà nínú rẹ̀. Ìwọ rèé nínú aṣọ pólíìsì, bọ́tìnnì de ọ́ dé ọrùn, tábìlì wà níwájú rẹ. Bàbá Dáníẹ́lì ka orúkọ àwọn ohun tó wà lórí tábìlì náà fún mi bí o ṣe kọ wọ́n: pátákó tí ẹ ń fi tàdáwà sí, igi róbótó tí ẹ fi ń yí tàdáwà náà ká, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ bí irun ológbò, dígí tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Àpótí onídúrọ́ọ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ tó ga jù ọ́ lọ, tó kún fún páálí tí ìka àwọn ènìyàn wà lórí rẹ̀. O ní ní gbogbo Kútọnu, ẹ ò pọ̀ tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí.

Mo gbé fọ́tò náà kiri. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí mi ò bá sọ̀rọ̀ láti ọdún tó kọjá. Nígbà tí mo fi han Ìyá Ràmá tí a jọ ń rẹ aṣọ, ó gbé e sún mọ́ ojú.

Ó ní, “Àkànní tó máa ń sá fún adìẹ yẹn?”

Mo ní, “Òun náà ni.”

“Ṣé wọ́n fún un ní ìbọn?”

“Wọ́n fún un ní dígí.”

“Dígí! Kí ló fẹ́ fi ṣe? Kí olè máa wo ojú ara rẹ̀ kó tó sá lọ?”

Mo ṣàlàyé fún un bí o ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Mo ní bí ènìyàn bá fọwọ́ kan nǹkan, ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀ á kù síbẹ̀, ojú lásán kò lè rí i. Àkànní mi á wá gbọn ìyẹ̀fun lé e, á fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, ìlà ìka á jáde, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á wá fi wé ìka tó wà lórí páálí. Kò sì sí ẹni méjì tí ìlà ìka wọn jọra, ìbáà jẹ́ ìbejì. Ìyá Ràmá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, “Ìyá Àkànní, o ti di ìyá ọ̀gá.” Mo ní, “Mo ti di ìyá ọ̀gá tipẹ́, ẹ̀yin lẹ ò mọ̀.”

Iṣẹ́ rẹ yé mi ju bí o ṣe rò lọ, Àkànní. Ọjọ́ ayé mi gbogbo ni mo fi ń wo ohun tí ọwọ́ fi sílẹ̀. Nínú ọgbà aró yìí náà ni ìwọ ti kọ́ wíwò. Kí o tó mọ ABD ni o ti mọ aṣọ tí mo rẹ yàtọ̀ sí èyí tí Ìyá Ràmá rẹ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún ọ. Àwọn òyìnbó ló kọ́ ọ ní ìyẹ̀fun. Ojú tí o fi ń wò ó, tèmi ni. Bàbá Dáníẹ́lì ń rẹ́rìn-ín. Kó kọ ọ́.

Ó wá ku ojú ewé kejì lẹ́tà rẹ, òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á.

O ní wọ́n ti fún ọ ní iṣẹ́ tìrẹ àkọ́kọ́. Wọ́n jí rédíò nílé ọkùnrin pàtàkì kan. Inú kọ́bọ́ọ̀dù onídígí ni rédíò náà wà. O gbọn ìyẹ̀fun lé dígí yẹn, àmì àtàǹpàkò kan jáde, ṣùgbọ́n kò ní ìlà, ó kàn dán bọ̀rọ́. O tẹ ìka àwọn òṣìṣẹ́ ilé náà. Ti olùsè ní ìlà, ti ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ìlà. Ti obìnrin alágbàfọ̀ tó ń fọṣọ fún wọn kò ní ìlà. O ní bọ̀rọ́ bá bọ̀rọ́ mu. Obìnrin náà sunkún, ó ní òun kò rí rédíò, o sì kọ ọ́ báyìí: “Ìyá, ẹnu ń purọ́, ìka kì í purọ́.” O ní obìnrin náà wà ní àtìmọ́lé, ọ̀gá rẹ ti yìn ọ́, àti pé ní ọjọ́ Ajé ni o máa fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n máa fi gbé e lọ sílé ẹjọ́.

Nígbà tí Bàbá Dáníẹ́lì kà á débẹ̀, ó ní, “Ọlọ́run ṣeun, ọmọ ti ń ṣe dáadáa.” Mo ní kó tún ibẹ̀ kà. Ó tún un kà. Mo ní kó tún un kà. Ó bi mí pé ṣé etí ń dùn mí ni. Mo ní kó gbé ìwé tuntun àti gègé.

Òní ni ọjọ́ Ẹtì. Ọkọ Ìyá Ràmá ń wakọ̀ lọ sí Kútọnu ní àárọ̀ ọ̀la. Òun ni màá fi lẹ́tà yìí rán, mi ò ní fi sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó máa fi lé ọ lọ́wọ́ kí ọjọ́ Ajé tó pé. Ìdí rẹ̀ ni ohun kan tí mo ṣe nígbà tí mi ò tíì mọ ọkọ. Ìyá rẹ pàápàá kú láì gbọ́ ọ.

Ilé Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ní ẹ̀bá ọ̀sà ni mo ti kọ́ṣẹ́ aró. Àwa méjì la jọ wà lẹ́nu iṣẹ́, èmi àti Wúràọlá ará Ṣakétẹ́. Ọwọ́ Wúràọlá dá ju tèmi lọ. Aṣọ rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n, tèmi máa ń ní. Wọ́n sì ti gba ẹrù ìdána lórí rẹ̀, ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ Àjàṣẹ́ níbí. Inú mi kò dùn sí gbogbo ìyẹn. Ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí ẹnìkejì ni mo jẹ́ lọ́jọ́ náà, jẹ́ kó wà lọ́kàn rẹ bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ.

Aṣọ ìgbéyàwó kan wà tí Ìyá Àbẹ̀kẹ́ rẹ títí ó fi dúdú mirinmirin. Inú yàrá kékeré kan ló kó o sí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹfun kun ilẹ̀kùn yàrá náà, ó funfun báláú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, láti ìdí ìkòkò aró ni mo ti dìde lọ mú igbá nínú yàrá yẹn. Mo jáde, mo fi ọwọ́ ti ilẹ̀kùn padà. Mo wo ilẹ̀kùn náà bí mo ṣe ń lọ. Kò sí nǹkan lára rẹ̀. Mo jáde lọ sí odò, Ìyá Àbẹ̀kẹ́ náà lọ síbi òkú kan. Wúràọlá nìkan ló kù sí ọgbà.

Nígbà tí a padà dé, aṣọ kò sí nínú yàrá. Ọwọ́ aró kan sì wà lára ilẹ̀kùn funfun náà, àtẹ́lẹwọ́ pẹ̀lú ìka márùn-ún, ó dúdú bí ẹni kùn ún.

Èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo. Mo ní, “Nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn yìí láàárọ̀, kò sí nǹkan lára rẹ̀!”

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ní, “Ó dá ọ lójú?”

Mo ní, “Bí ojú mi ṣe wà lórí mi.”

Òótọ́ ni mo sì sọ, Àkànní. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Mo wò ó, mi ò rí nǹkan.

Wọ́n pe Wúràọlá. Wọ́n ní kó gbé ọwọ́ lé àmì náà. Ó gbé e lé e, ó bá a mu. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ní, “Ọwọ́ ti sọ̀rọ̀, kí ẹnu dákẹ́.” Kò sẹ́ni tó ní kí èmi gbé ọwọ́ tèmi lé e, nítorí èmi ni mo pariwo. Wọ́n fá irun Wúràọlá, wọ́n fi ẹrù rẹ̀ lé e lórí, wọ́n ní kó máa lọ sí Ṣakétẹ́. Kó tó di ọjọ́ kejì, àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ti lọ gba ẹrù ìdána wọn padà.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ti Adjarra dé. Aṣọ ìgbéyàwó náà wà lórí rẹ̀. Ó ní, “Mo yà síbí níjọ́sí, mi ò bá ẹnì kankan lójúde. Mo mú un lọ fi han oníbàárà kan. Ẹ ò wá mi?” O mọ ohun tí Ìyá Àbẹ̀kẹ́ sọ? Ó ní, “Nígbà náà, kí ni ọwọ́ Wúràọlá wá dé ara ilẹ̀kùn mi?” Aṣọ ti dé, wọ́n ṣì ń bá ọwọ́ ṣẹjọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, mo ń fa aṣọ jáde nínú aró. Ìwọ mọ bí aṣọ ṣe máa ń jáde. Kì í dúdú nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú omi. Àwọ̀ ewé tútù ló máa ń ní, ó máa ń pọ́n rúsúrúsú, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró díẹ̀díẹ̀ lójú ẹni. Mo wo aṣọ náà bó ṣe ń yí padà. Mo wo ilẹ̀kùn.

Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i lára aṣọ. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé ilẹ̀kùn náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tí mo fi ti ilẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ náà tutù láti inú ìkòkò. Àmì rẹ̀ kò tíì jáde nígbà tí mo wò ó. Ìgbà tí mo lọ tán ló tó dúdú.

Mo dìde, mo gbé ọwọ́ mi lé e. Ó bá a mu. Ìka àárín àmì náà sì kúrú, orí rẹ̀ kò kan ilẹ̀kùn. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀bẹ ti gé mi ní ìka àárín, tí mo fi àkísà dì í. Wúràọlá kò ní àkísà lọ́wọ́. Gbogbo wa la wo ilẹ̀kùn yẹn fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, bí ọwọ́ náà ṣe tóbi tó nìkan la wò.

Èmi wá ń kọ́? Mo dákẹ́. Mo mú kànìnkànìn, mo fọ ilẹ̀kùn náà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi dákẹ́.

Nígbà tí mi ò lè sùn mọ́, mo lọ sí Ṣakétẹ́. Mo bá Wúràọlá níwájú ilé, ó ń pa ẹkùrọ́, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti rí ọkọ mìíràn, bàbá arúgbó kan. Kò gbójú sókè.

Ó ní, “Ta nìyẹn?”

Mo ní, “Èmi ni.”

“Àwọn tó ń jẹ́ Èmi pọ̀ ní Ṣakétẹ́.”

“Àṣàkẹ́ ni.”

Ìgbà yẹn ló wò mí. Ọwọ́ mi ló wò, kò wo ojú mi. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ń pa ẹkùrọ́ rẹ̀ lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, “Ìgbà wo lo mọ̀?”

“Ní ọjọ́ kẹta.”

“Ọdún mélòó wá nìyí?”

“Mẹ́rin.”

Ó pa ẹkùrọ́ kan sí i. Ó ní, “Àṣàkẹ́, ṣé ọ̀nà Ṣakétẹ́ gùn tó ọdún mẹ́rin ni?”

Ó ní kí n dìde, pé orúnkún mi kò wúlò fún òun. Ó ní ibi tí mo ti pariwo àkọ́kọ́ ni kí n padà sí, kí n lọ pariwo ìkejì. Mo lọ. Mo dúró láàárín ọgbà Ìyá Àbẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ tí oníbàárà kún ibẹ̀, mo sì sọ ọ́. Wọ́n lé mi jáde lójú ẹsẹ̀. Ìkòkò kan péré ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní Houinmè yìí, òun ló sì rán ọ níléèwé.

Bàbá Dáníẹ́lì ti gbé gègé sílẹ̀. Ó ní ṣé ó dá mi lójú pé kí ọmọ mi gbọ́ èyí. Mo ní kó gbé gègé rẹ̀.

Nísinsìnyí, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o fi ṣe.

Èkíní, mi ò ní kí o ju dígí rẹ nù. Ká ní Àkànní kan wà ní ọgbà Ìyá Àbẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ yẹn, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó fi dígí wo ilẹ̀kùn náà fún ìwọ̀n ìgbà tí ẹni fi ń jẹ ẹ̀kọ kan, ìbá rí i pé ìka àárín kúrú. Ìbá ní, “Ẹ mú ẹni tó ní àkísà lọ́wọ́ wá.” Irun Wúràọlá ìbá wà lórí rẹ̀. Nítorí ìyẹn ni orí mi ṣe wú sí iṣẹ́ rẹ, kì í ṣe nítorí bọ́tìnnì. Ohun tí a kò ní lọ́jọ́ yẹn ni ìjọba fi sí ọ lọ́wọ́.

Èkejì, ọwọ́ lè sọ ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan. Kò lè sọ ìgbà tó kàn án, kò sì lè sọ ohun tó wá ṣe níbẹ̀. Obìnrin tó ń kó aṣọ lílọ̀ wọnú ilé yẹn lójoojúmọ́, ibo ni ọwọ́ rẹ̀ kò ní dé? Bi í pé ìgbà wo ló dé ibi kọ́bọ́ọ̀dù kẹ́yìn. Bi í ní èdè rẹ̀, má fi Faransé dẹ́rù bà á. Aṣọ pólíìsì tó wà lọ́rùn rẹ ti dẹ́rù bà á tó.

Ẹ̀kẹta. O kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ẹ kò tẹ ìka ọ̀gá ilé náà, ìyàwó rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, nítorí wọ́n jẹ́ ènìyàn pàtàkì. Àkànní, láti ìgbà tí àwọn ológun ti gba ìjọba, gbogbo yín lẹ ń pe ara yín ní kamarádì, pé ọgbọọgba ni gbogbo ènìyàn. Mi ò dá sí ọ̀rọ̀ ìjọba. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin yẹn bá jẹ́ kamarádì, tí alágbàfọ̀ náà jẹ́ kamarádì, kí tàdáwà kan náà kan ọwọ́ àwọn méjèèjì. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó bá ń pariwo, òun ni kí o kọ́kọ́ gba ọwọ́ rẹ̀ wò. Èmi tí mò ń sọ ọ́ mọ ohun tí mò ń sọ.

Mi ò ka èyí tó kàn mọ́ iye kankan: o kọ àwọ̀ rédíò náà sínú lẹ́tà rẹ. O kọ iye ohun yíyí tó wà níwájú rẹ̀. O kò kọ orúkọ obìnrin náà. A wá a láti òkè dé ìsàlẹ̀, èmi àti Bàbá Dáníẹ́lì, kò sí níbẹ̀. Lọ bi í ní orúkọ rẹ̀. Bi í bóyá ó ní ọmọ, àti ẹni tó ń fún wọn lóúnjẹ láti ọjọ́ tó ti wà lọ́dọ̀ yín. Ìwọ náà mọ bí ilé ṣe máa ń rí bí ìyá kò bá sí níbẹ̀.

Má sì wọ aṣọ yẹn wá sí Houinmè kí o máa fi halẹ̀ mọ́ àwọn tó fà ọ́ lọ́wọ́ dàgbà. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Wọ̀ ọ́ wá lẹ́ẹ̀kan, kí Ìyá Ràmá rí i, lẹ́yìn náà kí o bọ́ ọ kí o bá mi ro aró.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìlà.

O rántí ìgbà tí wọ́n ní kí gbogbo wa lọ gba káàdì ìdánimọ̀? O wà nílé ìwé lọ́jọ́ náà, mi ò sọ fún ọ rí nítorí ojú tì mí. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ di ọwọ́ mi mú bí ẹni di ẹja mú. Ó fi àtàǹpàkò mi sínú tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé.

Ó ní, “Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa.”

Mo ní, “Ìwọ lo tẹ̀ ẹ́.”

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó wò ó. Ó ké sí ẹnìkejì rẹ̀ pé, “Wá wo ìyá yìí, kò ní ìka!” Gbogbo àwọn tó tò sí ìlà bú sẹ́rìn-ín.

Mo ní, “Mo ní ìka. Òun náà ni mo fi ń rẹ ṣòkòtò bàbá rẹ. Ìlà ni mi ò ní.”

Omi eérú tí a fi ń ṣe aró ló jẹ ẹ́. Bó ṣe ń jẹ ìdọ̀tí ara aṣọ ló ń jẹ ara ẹni. Lọ wo ọwọ́ Ìyá Ràmá, bọ̀rọ́ ni. Lọ wo ọwọ́ àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú, bọ̀rọ́ ni. Wo ọwọ́ ẹni tó ti fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọṣọ láti kékeré. Mi ò mọ ìwé, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí ohun kan kò bá sí lára ẹni méjì, ìyẹn kò sọ wọ́n di ẹnì kan. Afọ́jú méjì kò ní ojú, ṣé afọ́jú kan náà ni wọ́n? Bí ẹnì kan bá sì ní ìlà, tó fi aṣọ wé ọwọ́, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ lórí dígí bó ṣe ń kánjú, ṣé àmì tirẹ̀ náà kò ní jáde ní bọ̀rọ́? Ìwọ ni ọ̀gá. Mo kàn ń bi ọ́ ni.

Ó ṣeé ṣe kí alágbàfọ̀ náà jí rédíò. Mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì dúró fún un. Bí o bá rí rédíò nílé rẹ̀, fọwọ́ sí ìwé rẹ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àmì bọ̀rọ́ yẹn nìkan lo ní, má fọwọ́ sí i ní ọjọ́ Ajé. Lọ bá ọ̀gá rẹ tó yìn ọ́, kí o sọ fún un pé o yára jù. Yóò dùn ọ́. Ó dùn mí náà nígbà tí mo dúró láàárín ọgbà Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta péré ni tìrẹ máa jẹ́, èmi jẹ́ kó di ọdún mẹ́rin. Má jẹ́ kí ọ̀nà gùn jù ọ́ lọ bó ṣe gùn jù mí.

Mo ti so fọ́tò rẹ mọ́ ògiri, ibi tí ẹni tó bá ń wọlé máa kọ́kọ́ rí i. Ibẹ̀ ni màá fi í sí. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé o fọwọ́ sí ìwé yẹn láì bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, mi ò ní yọ ọ́ kúrò, nítorí ọmọ mi ni ọ́. Màá kàn máa fi ẹ̀yìn sí i ni.

Bàbá Dáníẹ́lì ní ó yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ àwọn ológun, “Ìjà ń bá a lọ,” parí rẹ̀, pé báyìí ni gbogbo lẹ́tà ṣe ń parí nísinsìnyí. Mo ní bí èmi ṣe máa parí tèmi rèé. Mo ti ki àtàǹpàkò mi bọ inú aró, mo sì tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, àwọ̀ ewé ló ní. Kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, yóò ti dúdú.

Gbé dígí rẹ. Wò ó dáadáa. O kò ní rí ìlà kan níbẹ̀. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò àmì tí o rí lára kọ́bọ́ọ̀dù ọkùnrin yẹn, kí o fi wọ́n wéra bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Bí wọ́n bá bára mu, wá mú mi. O mọ ilé.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́, ìyá rẹ àgbà.